Ọ̀nà Ilé-Ìwé Tó Sọnù: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Nípa Ọmọ Kan ní Èkó Lẹ́yìn Kónílé-gbélé

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2020, olùkọ́ ìṣirò kan ní ilé-ìwé girama ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùdámọ̀ràn ní apá Agége mú ìwé ìdánwò kan wá sí ọ́fíìsì mi, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì láì sọ̀rọ̀. Máàkì 23 nínú 100 ni ó wà lókè rẹ̀. Kì í ṣe máàkì ọ̀hún gan-an ni ó ń dun olùkọ́ náà, nítorí àwọn tó gba ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ní sáà yẹn. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọmọkùnrin ọdún 16 tó ni ìwé yìí ti gba 68 ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àti pé ìbéèrè mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni ó dáhùn. Ó dáhùn wọn dáadáa, lẹ́yìn náà ni ìlà bírò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ sísàlẹ̀ bí ipa ìgbín títí ó fi kúrò lórí ìwé. Ó ti sùn lọ sínú ìdánwò ni.

Ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ yọ̀ǹda kí n kọ àkọsílẹ̀ yìí fún àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọjọ́ rẹ̀ ti máa ń rí kí àrùn kòrónà tó dé. Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ó máa ń dìde, òun ni ó sì ń pọn omi tí gbogbo ilé yóò lò, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, láti ibi ẹ̀rọ omi tó wà ní òpópónà kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé, ìrìn bí ìṣẹ́jú 25, tí yóò sọdá ojú irin rélùwéè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àkókò ìsinmi, bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó bá ń padà bọ̀, mọ́ńkípóòsì lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé, òkúta mẹ́rin ní òpó ilé méjèèjì. Bí ó bá délé, ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ àti gààrí, yóò rán an lọ rán an bọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ó sì máa ń ti sùn kí agogo mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù. Nígbà tí èmi àti ọmọ náà jókòó, tí a ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ lórí ìwé, ó lé ní wákàtí méjì tí ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Kò sí èyí tí ó pè ní eré ìdárayá nínú wọn. Bọ́ọ̀lù, eré lásán ni lójú tirẹ̀. Omi pípọn sì rèé, ìyà ni.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì tàbí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba, ó kéré tán. Ìwádìí àjọ náà tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 sì fi hàn pé, lágbàáyé, 81 nínú 100 àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà láàrin ọdún 11 sí 17 ni kì í lo ara dé ìwọ̀n yẹn. Kí àrùn tó dé ni wọ́n ṣe ìṣirò yìí o. Ọmọ wa yìí, láì mọ̀, wà lára àwọn díẹ̀ tí tiwọn pé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ilé-ìwé di títì. Èkó ti tirẹ̀ láti ọjọ́ 23. Ní agogo 11 alẹ́ ọjọ́ 30, òfin kónílé-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, ó sì di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Fún ọmọ tó wà ní SS2 ní Èkó, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, nítorí ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó padà sílé-ìwé.

Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà náà ń gbé, nínú ilé tí yàrá ti dojú kọ yàrá. Àyè tí ọmọ náà rí jókòó ni alafo tó wà láàrin ibùsùn àti fíríìjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni ó ti ń kàwé, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ó ń sùn sí. Ọjọ́ tí ìjọba bá gbà kí ọjà oúnjẹ ṣí, láti agogo mẹ́wàá sí méjì ọ̀sán, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ń jáde, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ kó àrùn wálé. Omi tí ọmọ ń pọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke. Ìfẹ́ ni ìyá fi ṣe gbogbo rẹ̀, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe ohun mìíràn ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn.

Àwọn olùkọ́ wa dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi fídíò ẹ̀kọ́ ránṣẹ́. Fídíò a máa jẹ dátà. Dátà tí ó pọ̀ tí owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ni dátà òru, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń tà fún lílò láàrin agogo 12 sí 5 ìdájí. Ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọmọ tó kàwé, ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n yóò ṣe: ó ń jí ní òru láti gba ẹ̀kọ́ sórí fóònù. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó kúkú jáwọ́ nínú jíjí, kò sùn mọ́ ni. Bí ẹ̀kọ́ bá wọlé tán ní agogo kan, dátà ṣì kù, géèmù wà, fíìmù wà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì wà lórí ìlà. Ilẹ̀ á mọ́ kí ó tó sùn, yóò sì sùn títí di ọ̀sán. Ní ilé tí kò sí ẹni tó ń lọ ibì kankan, ta ni yóò bi í pé kí ló dé?

Nígbà tí òfin dẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n òun kò jáde. Mo ti béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì fèsì pé, “Mà, kò sí ibi tí mo fẹ́ lọ.” Ilé-ìwé ni ibi tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìrìn yòókù, ara ọ̀nà ilé-ìwé ni wọ́n so mọ́.

Ẹni tó bá rò pé ìpadàsílé-ìwé ni òpin ìṣòro kò rí bí ilé-ìwé náà ti rí. Kí àwọn ọmọ má baà fún pọ̀, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń wá. A fagi lé àsémbìlì, a fagi lé eré ìdárayá, inú kíláàsì ni wọ́n ti ń ṣe ìsinmi pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù di èèwọ̀. Èmi pẹ̀lú wà lára àwọn tó ń fọn fèrè lé àwọn ọmọ kúrò lórí pápá. Kò tíì pé oṣù kan tí a wọlé tí kónílé-gbélé mìíràn tún dé ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, nígbà ìwọ́de EndSARS, ilé-ìwé sì tún di títì. Nígbà tí a padà, ọmọ náà ti wọ SS3, ìdánwò WAEC sì ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni èyí tí gbogbo ilé-ìwé ń ṣe: a fi í sí ẹ̀kọ́ àfikún tí à ń pè ní lẹ́sìn, lẹ́yìn ilé-ìwé, wákàtí méjì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tẹ́ẹ̀sì ìṣirò rẹ̀ já wálẹ̀ sí 19. Nísinsin yìí, ìdí rẹ̀ hàn kedere. A mú ọmọ tó ti jókòó láti àárọ̀, tí oorun rẹ̀ kò pé wákàtí márùn-ún, a tún ní kí ó jókòó sí i. Ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ohun tí a kọ sínú fáìlì ni pé “kò fọkàn sí i.” Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Ohun kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, bàbá sì gbà á. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ náà pàdánù iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́ta, nítorí orí WhatsApp ni àwọn olùkọ́ ṣì ń fi wọ́n sí fún àwọn ọjọ́ tí kíláàsì rẹ̀ kò wá. Ó bá bàbá rẹ̀ jà. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó dẹ́kun wíwá sí ọ́fíìsì mi, èyí tó dùn mí ju ìjà lọ. Fóònù padà sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, òru sì padà sí bí ó ti wà.

Àtẹ̀gùn ilé-ìwé ni ó là mí lójú. Òkè kejì ni kíláàsì SS3 wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti rẹ̀ jọ ń gòkè, mo sì rí i tí ó dúró ní àárín àtẹ̀gùn, tí ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, tí ó fi ọwọ́ kejì fa ìbòmú kúrò ní imú kí ó lè mí. Èmi tí mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún ni mo ń dúró de ọmọ ọdún 16. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mà, ẹ máa lọ, mò ń bọ̀.” Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù pé àrùn kan ni, a sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àìsàn kankan. Ọmọ tó ń sáré bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo jáwọ́ nínú bíbéèrè nípa ìwé rẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ọjọ́ rẹ̀. Mo fún un ní ìwé tí mo ti fa ìlà wákàtí mẹ́rìnlélógún sí, mo ní kí ó kọ ohun tó ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: oorun, ìjókòó, fóònù. Láàrin wọn, lójoojúmọ́ tó bá wá sílé-ìwé, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò retí: “kẹ̀kẹ́ Dádì.”

Bàbá rẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Láti oṣù Kẹsàn-án, ó ń gbé ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé láàárọ̀, ó sì ń padà wá gbé e, kí ó má baà fara kan èrò. Nígbà tí mo pè é, tí mo sì sọ pé kí ó jẹ́ kí ọmọ máa fẹsẹ̀ rìn, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dáhùn.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ṣé kí n máa wo ọmọ mi kó máa fẹsẹ̀ rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ ni? Kí ni àwọn ará àdúgbò máa sọ?”

N kò ní èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó fa ọwọ́ ìfẹ́ kan sẹ́yìn ní gbangba, ní ọdún tí owó kò wọlé fún un, tí gbígbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó rí ṣe fún un. Mo ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń pe irú èsì báyìí ní àìmọ̀kan àwọn òbí. Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá ni ó bá wa tú u. Ó ní kí a má sọ pé ọmọ ń rìn nítorí kẹ̀kẹ́ kò gbé e. Kí a sọ pé òun ni yóò máa sin àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó wà ní ojú ọ̀nà tiwa, kí ó tó kọjá sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n tó ń sin àbúrò kò ní ẹ̀gàn kankan lójú àdúgbò. Bàbá fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, ó ní òun yóò máa gbé àwọn méjèèjì ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Omi pípọn náà padà sọ́wọ́ ọmọ, kẹ́ẹ̀gì méjì láàárọ̀. Ní ọjọ́ tí kíláàsì rẹ̀ kò wá sílé-ìwé, yóò ṣì sin àbúrò rẹ̀, yóò sì padà sílé. Èyí ṣe pàtàkì jù lójú mi, nítorí ó sọ gbogbo ọjọ́ márùn-ún ilé-ìwé di ọjọ́ tó ní àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni aago inú ara ènìyàn fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, oṣù mẹ́fà gbáko sì ni ọmọ yìí fi ń sun òwúrọ̀ mọ́jú ọ̀sán.

Ó ku ọ̀rọ̀ òru. Mo ti kọ́gbọ́n lára ìgbà tí a gba fóònù, nítorí náà, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìṣirò ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dẹ́kun fídíò, kí ó máa ya fọ́tò pátákó kí ó sì fi ohùn rẹ̀ ṣàlàyé, nítorí fọ́tò àti ohùn kì í jẹ dátà bíi fídíò. Olùkọ́ físíìsì àti ti kẹ́mísírì tẹ̀lé e. Nígbà tí kò sí ohun tí dátà òru ń ṣe fún ẹ̀kọ́ mọ́, ìyá ní ẹnu láti sọ pé kí fóònù máa sùn lọ́wọ́ òun láti agogo mẹ́wàá. Ọmọ náà kùn, kò sì jà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nira. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, oorun kò sì wá ní agogo mẹ́wàá. Ó ní òun kàn ń wo àjà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé kò sùn ní kíláàsì fún ọjọ́ méjì léra. Lẹ́yìn náà ni ìsinmi Kérésì dé, àrùn tún gbóná, ìwọlé sún sí ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2021, gbogbo ohun tí a ti kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Kò sí àbúrò tí yóò sìn lọ síbì kankan. Nígbà tí ó padà, ìwé wákàtí rẹ̀ tún kún fún fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó gbà á kí ó tó padà bọ̀ sípò, ọ̀nà àti àbúrò ṣì wà níbẹ̀ dè é.

Ní oṣù Kejì, ó gba 41 nínú ìṣirò. Ní òpin sáà, 54. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni WAEC bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, ó ní C5 nínú ìṣirò, C6 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti E8, tí kò dé krẹ́díìtì, nínú físíìsì. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lára E8 yẹn wéré. Físíìsì ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ní yàrá àyẹ̀wò, èyí tí kò ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì sí ìrìn tó lè dá ìyẹn padà. Ohun tí oorun àti ìrìn fún un ni orí tó jí. Ohun tí a kò kọ́ ọ, orí tó jí kò lè fún un.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa èsì gbogbogbòò, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi í bi mí. Àwọn tó ní krẹ́díìtì márùn-ún, ó kéré tán, pẹ̀lú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC ní Nàìjíríà jẹ́ 64.18 nínú 100 ní ọdún 2019, 65.24 ní 2020, wọ́n sì fò sókè dé 81.7 ní 2021. Wọ́n á ní, ibo wá ni ìpalára náà wà? Èsì mi ni pé ìwọ̀n yẹn kò lè sọ fún wa ẹni tó sùn lọ lórí ìwé ní oṣù Kọkànlá, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọmọ kan ṣoṣo kò lè sọ ìwọ̀n yẹn di irọ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, ohun mẹ́ta ni ó yí padà. N kì í fi ọmọ sí lẹ́sìn mọ́ kí n tó mọ iye wákàtí tó ń sùn. N kì í ní kí wọ́n gba fóònù kí n tó mọ iṣẹ́ tí fóònù náà ń ṣe fún ilé-ìwé, àti ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà dípò rẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ kí ọmọ rìn, n kì í pè é ní eré ìdárayá. Mo máa ń wá ẹnì kan tàbí ohun kan nínú ilé tí ìrìn náà yóò jẹ́ ti rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa ti máa ń jáwọ́ nínú eré ìdárayá kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí.

Ìwé wákàtí mẹ́rìnlélógún náà wà ní dúrọ́ọ̀ mi títí di òní. Ní ọdún 2022, mo fún ọmọbìnrin SS1 kan tí òun náà ń sùn ní kíláàsì ní irú rẹ̀, mo sì ti ń múra láti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìrìn kí ìwé náà tó padà dé. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí i pé láti ìgbà kónílé-gbélé ni ọmọ náà ti ń kiri omi inú ọ̀rá àti búrẹ́dì, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìrìn tirẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyá rẹ̀ ni mo ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó búrẹ́dì ni a jókòó sọ.